Àròkọ Akọ̀wé Nípa Bàbá Rẹ̀

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi tó ju ọ̀rẹ́ lọ,

Ṣé dáadáa ni ilé wà? Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi tẹlẹ̀? Bàbá àwọn ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń hanrun bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ tán nínú ẹ̀? Àwa náà ń mí. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohun tí ojú wa rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnu ò gbà á tán.

O rántí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Jẹ́jẹ́, tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbín ló kọ́ wọn ní mọ́tò wíwà. O mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ rédíò ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀, àti pé ibi ìjà ìgboro tí wọ́n gbé oníròyìn kan lọ lọ́dún tó kọjá ni òkúta ti bà wọ́n lórí tí wọ́n fi kú. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ọ ni pé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, rédíò kéde pé oníròyìn àwọn fara pa, ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ àwọn kankan tó kú. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ojúmọ́ lásán ni Bàbá Jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ ọ létí, òkú ọkọ wọn wà nílé ìgbókùúsí.

Àfi bí rédíò yìí kan náà ṣe pe àwọn ọmọ ilé-ìwé sí ìdíje àròkọ lọ́dún yìí. Àkọlé rẹ̀ ni "Akọni Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìròyìn". Ọmọ wọn obìnrin tí à ń pè ní Akọ̀wé kọ tirẹ̀ nípa bàbá rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ nípa ẹlòmíràn. Ó ní, "Àǹtí, ta ni mo tún mọ̀?"

Àwọn adájọ́ dá a padà. Wọ́n ní àròkọ náà dùn, àmọ́ dírẹ́bà kì í ṣe oníròyìn, ọmọ náà ti yà kúrò lórí àkọlé. Síbẹ̀, gbogbo ọmọ tó kọ̀wé ni wọ́n pè síbi ayẹyẹ, èmi ni mo sì sin Akọ̀wé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò lè wọ ilé yẹn láéláé. Wọ́n jókòó ti rédíò nílé, nítorí wọ́n ń gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, oníròyìn tó fara pa yẹn gan-an ni ọmọ tó gbégbá orókè kọ nípa rẹ̀! Ó kà á síta: bí oníròyìn ṣe la èéfín kọjá, bó ṣe fẹ̀mí wewu nítorí òtítọ́. Àfi bíi pé ọkọ̀ náà ló wa ara rẹ̀. Akọ̀wé di ọwọ́ mi mú títí èékánná rẹ̀ fi wọ̀ mí lára.

Wọ́n wá pe oníròyìn náà pé kó gbé ẹ̀bùn fún ọmọ náà. Ó tiro gun orí pèpéle, ó sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ọmọ yìí gbìyànjú," ó ní, "ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni akọni. Dírẹ́bà mi ti sá bọ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò lè dìde, wọ́n padà wá gbé mi pọ̀n. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà tí òkúta fi bà wọ́n. Òṣìṣẹ́ wa ni wọ́n."

Ó pe orúkọ wọn, ó pe ti bàbá tó bí wọn. Mo rí ọ̀gá rédíò tó ń juwọ́ sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n n kò fura.

Ẹsẹ̀ Akọ̀wé ò kanlẹ̀ títí a fi délé. Oníròyìn náà bá wa dé ibẹ̀.

Akọ̀wé ní, "Màámi, ṣé ẹ gbọ́ orúkọ Bàbá?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò wá. "Orúkọ wo? Orin ni wọ́n fi sí i nígbà tó kan ẹ̀bùn. Orin ọ̀hún ni mò ń gbọ́ títí ẹ fi dé."

Oníròyìn dorí kodò. Ó ní wọ́n ti gba káàdì iṣẹ́ lọ́wọ́ òun lẹ́nu géètì. Ẹ̀gbọ́n mi fi àga lọ̀ ọ́, ó kọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dáa, ẹ sọ ọ́ fún mi bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ lórí rédíò."

Ó dúró láàárín pálọ̀, ó gbé ohùn ìròyìn wọ̀, ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Orúkọ náà jáde ketekete.

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. "Mo gbọ́, ẹ ṣeun. Àwọn tó kù tó gbọ́ orin bíi tèmi ńkọ́?"



Bá mi kí ìyá rẹ, kó o sì kí àwọn ọmọ. Bó o bá ń gbàdúrà, má gbàgbé Akọ̀wé. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ ilé-ìwé, kò fọwọ́ kan bírò mọ́. Ìwọ náà mọ orúkọ tí wọ́n sọ Bàbá Jẹ́jẹ́. Jọ̀ọ́, pè é sókè fún ará ilé rẹ.

Èmi tí àárò rẹ ń sọ,
Àǹtí Akọ̀wé.