Omi Tí Kò Fẹ́ Iyọ̀ Mọ́

Màmi, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ara mi le koko, ẹ má fòyà.

Iṣẹ́ ń lọ. Ẹ rántí pé àwọn àgbẹ̀ ibí ni mo ń kọ́ kí wọ́n má bomi rin oko jù, torí omi àpọ̀jù ló ń fọ iyọ̀ inú ilẹ̀ sínú odò. A pín ọ̀pá rọ́bà oníhò wẹ́wẹ́ fún wọn, èyí tí omi ń kán lára rẹ̀ tó-tó-tó sí ìdí ọ̀gbìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an. Nígbà tí mo padà dé oko, wọ́n ti fi ìṣó gbígbóná lu ihò rẹ̀ fẹ̀. Bàbá Onítòmátì ní, "Tíṣà, ṣé ẹ̀kán-ẹ̀kán lèèyàn ń fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lómi ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ẹ ní ṣé mò ń jẹun. Mò ń jẹun, Màmi. Omi odò ni mo fi ń se ẹ̀wà, mi ò ra iyọ̀ mọ́. Ẹ ò rí i pé èrè nìyẹn!

Èrò ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní kíláàsì mọ́. Lánàá, Bàbá Onítòmátì nìkan ló wá, àga wa ló sì wá dá padà. Iyọ̀ inú omi odò tó ń bù sí oko ti pa tòmátì rẹ̀ tán, ó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Mo ṣáà kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ náà tán. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ó ní ó ti wá yé òun wàyí.

Ẹ bá mi kí Àǹtí àti gbogbo ilé. Tí ẹ bá fa omi kànga wa láàárọ̀, ẹ bá mi mu ife kan, kí ẹ sọ bó ṣe rí lẹ́nu fún mi.

Èmi ọmọ yín.