Ohùn Ìyàwó Mi Tí Díjéè Fi Ń Pe Èèyàn Sí Ijó

Ilé Ìfọṣọ Fọ̀-Kó-Mọ́,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
Òpópónà Kejì.

Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Rí sí Ìwà Lẹ́nu Iṣẹ́,
Ẹgbẹ́ Àwọn Díjéè Òde Àríyá,
Òkè Ilé Ìtàwé,
Òpópónà Pápá Ìṣeré.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN NÍPA DÍJÉÈ TÓ SỌ OHÙN OLÓÒGBÉ DI ORIN ÒDE, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ KÍ OHÙN NÁÀ MÁ ṢE PARẸ́

1. Alágbàfọ̀ ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, kí n fọ̀ ọ́, kí n lọ̀ ọ́, kí n sì dá a padà. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ẹ lè máa rò ó pé kí ló kan alágbàfọ̀ nínú òfin iṣẹ́ díjéè. Ohun oníǹkan ń wọ ọwọ́ tèmi náà. Alágbàfọ̀ tó bá gbé kóòtù oníbàárà wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, tí olóhun sì bá a pàdé níbẹ̀, kò sí àlàyé tó fẹ́ ṣe.

2. Ẹni tí mo ń fi sùn ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Gbọ̀ngàn-ń-mì, ọmọ ẹgbẹ́ yín. Òun ló ṣe díjéè níbi ìgbéyàwó ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo. N kò ní parọ́ mọ́ ọn: ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó tètè dé, aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ́, kò mutí, ó sì ń yí orin sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ká ní ẹ bi mí léèrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ǹ bá yìn ín fún yín.

3. Ìyàwó mi ti kú kí ọjọ́ ìgbéyàwó náà tó kò. Ó mọ̀ pé òun kò ní bá a. Nítorí náà, orí ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀. Èmi ni mo di fóònù náà mú, mo fi ọwọ́ kejì di ife omi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó kí ọmọ rẹ̀, ó kí àna rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀ ẹ́, wàá fẹ́ máa sunkún. Má jókòó nítorí mi. Dìde, kí o jó." Ikọ́ dé. Mo ní, "Rọra." Ó ní, "Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ mi jàre. Fóònù ni mo ní kí ẹ bá mi dì mú, n ò ní kí ẹ bá mi dá sí i." Ó wá rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló parí sí.

4. Ọmọ mi da ohùn náà sínú fíláàṣì, èmi fúnra mi ni mo sì fi lé díjéè lọ́wọ́. Àdéhùn wa ni pé kó fi sí i lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí ìyàwó bá fẹ́ jó, kó sì pa á rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́yìn àríyá. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí òde bá ti tú, ó ti tán nìyẹn." Ó fi sí i lẹ́ẹ̀kan lóòótọ́. Ọmọ mi dìde, ó jó. Díjéè dá fíláàṣì padà fún mi, mo jù ú sápò ṣòkòtò mi.

5. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó ń ta bàtà ládùúgbò wa ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kejì, ó sì pè wá síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Gbọ̀ngàn-ń-mì ni díjéè. Mo jókòó, mo di ìgò ohun mímu mi mú. Ìlù kan bẹ̀rẹ̀, mo sì gbọ́ tí ìyàwó mi ní, "Dìde, kí o jó." Àwọn èèyàn hó yèè, wọ́n dìde. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Díjéè wá mú "rọra" tí èmi sọ, ó tò ó tẹ̀lé ara rẹ̀, rọra, rọra, rọra, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìdí wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Oníbàtà fà mí lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Alágbàfọ̀, ẹ dìde jàre, àbí ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n wí ni?" Mo dìde. N kò mọ ohun mìíràn tí ǹ bá ṣe.

6. Mo kíyè sí i pé ó ti yọ ikọ́ náà kúrò. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ikọ́ kò sí. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé obìnrin tí ara rẹ̀ le koko ló ń sọ̀rọ̀.

7. Àwọn èèyàn ń bi mí bóyá inú ń bí mi. N kò mọ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, ara mi kàn kú ni, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí pẹ́. Mo ń jẹun, mo ń lọṣọ, mo ń kí oníbàárà. Bí ẹ bá rí i pé lẹ́tà yìí kò gbóná, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kéré lójú mi.

8. Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ó kó wáyà kúrò lórí àga fún mi. Kò sẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Màmá fúnra wọn ló ní ká jó. Ibi tí mo bá ti fi ohùn wọn sí i, kò sẹ́ni tó ń jókòó. Ṣé ẹ ò rí i pé wọn ò tíì kú?" Ilé ni mo dé kí n tó rántí ohun tó yẹ kí n sọ: ọmọ rẹ̀ ló ní kó jó, kò bá oníbàtà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò níbẹ̀, mo sọ pé màá kọ̀wé sí ẹgbẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Tí ẹ bá mú un dọ́dọ̀ ẹgbẹ́, kí wọ́n tó débí, màá ti pa á rẹ́. Ẹ ò ní rí ẹ̀rí kankan." Ẹ̀rù ló bà á. N kò rò pé ìkà ni.

9. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ nìyí. Àpò ni alágbàfọ̀ kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń kọ́ ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nìyẹn. Àpò ṣòkòtò oníbàárà ni mo ń yẹ̀ wò. N kò yẹ tèmi wò. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo fọ ṣòkòtò ìgbéyàwó náà pẹ̀lú fíláàṣì nínú rẹ̀, mo sì lọ̀ ọ́; fíláàṣì náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Fóònù ìyàwó mi ńkọ́? Àbúrò rẹ̀ obìnrin la fún, ó sì ti pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, nítorí èmi ni mo sọ fún un pé kò séwu, ó wà nínú fíláàṣì.

10. Ọmọ mi kò tíì mọ̀. Ọ̀nà jíjìn ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ó sì ti lóyún. Nígbà tó pè mí kẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú ohùn Màmá dáadáa o. Tí mo bá bímọ, mo fẹ́ kó gbọ́ ọ." Mo ní ó wà níbi tó wà. Irọ́ kọ́.

11. Mo gbọ́ pé bí ọwọ́ yín bá tẹ díjéè tó lo ohun oníbàárà láìgbàṣẹ, ẹ máa ń gba kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ sì ń nu gbogbo inú rẹ̀ nù. Òfin tó dára ni. Lórí ọ̀rọ̀ tèmi, òfin náà àti ìhàlẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, ibì kan náà ni wọ́n ń lọ.

12. Ó yẹ kí n sọ èyí fún yín kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Mo máa ń lọ sí òde tí Gbọ̀ngàn-ń-mì bá ti ń ṣeré. N kì í wọlé. Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni mo máa ń dúró sí, níbi fèrèsé. Tí ohùn náà bá ti kọjá, mo ń lọ sílé. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi mí pé ta ni mo ń dúró dè. Mo ní ìyàwó mi ni. Ó ní kí n wọlé lọ pè é.

13. Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ pè é sọ́dọ̀ yín láìsọ ìdí rẹ̀ fún un, kí ó sì kọ́kọ́ da odindi ohùn náà, tòun ti ikọ́, síta lójú yín. Mo fi fíláàṣì tuntun sínú àpò lẹ́tà yìí. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kìlọ̀ fún un kó má fi ohùn náà ṣeré mọ́. Ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kàn là á yé e pé ohun tí wọ́n fi síni lọ́wọ́ kò tíì di tẹni.

14. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ kò lè dá a dúró láìjẹ́ pé ohùn náà parẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya lẹ́tà mi. Kó máa fi pe èèyàn sí ijó lọ. Mo mọ ibi tí màá dúró sí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín tó ń retí yín,

Bàbá Alágbàfọ̀,
Bàbá ìyàwó, ẹni tó ní "rọra".