Ọláyọdé Àjàní Ọdúnjọ (1957–2025), Ẹni Tó Wá Àyè fún Adití Láàárín Àwọn Ọkùnrin

Ní agboolé Jagun ní ìlú Ìpetumodù ni a bí bàbá wa, Ọláyọdé Àjàní, ní ọdún 1957, fún Olóògbé Joṣáyà Ọdúnjọ àti Olóògbé Abẹ̀kẹ́ Ọdúnjọ. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a máa bá àwọn ará ìlú mọ ilé. Ìyá wọn ní tiwọn ń mọ ìkòkò. Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ pé inú amọ̀ ni wọ́n bí àwọn sí, inú amọ̀ náà ni àwọn ti jẹun.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìpetumodù ní ọdún 1970. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ módà, àmọ́ bàbá wọn kú, kò sì sí ẹni tí yóò máa sanwó ilé ìwé. Ni wọ́n bá lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì gba òmìnira ní ọdún 1977. Ní 1981 ni wọ́n wá sí Èkó. Wọ́n ṣiṣẹ́ káàkiri kí wọ́n tó rọ́nà dé ẹ̀bá òkun ní Ìkátẹ́, nígbà tí àbàtà àti koríko ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tó wà láti Ìkátẹ́ títí dé Igbó Ẹfọ̀n lónìí, ọwọ́ Bàbá kan bíríkì wọn.

Ní ọdún 1986, wọ́n gbé ìyá wa níyàwó, Olóògbé Fúnláyọ̀, ọmọ bíbí Gbọ̀ngán, tó ń rán aṣọ ilé ìwé. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Igbó Ẹfọ̀n ni wọ́n kọ́ ilé tiwọn sí, níbẹ̀ náà ni ìjọ tí wọ́n ń lọ wà. Ohùn Bàbá dára gan-an, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti 2004 ni Bàbá ti di fọ́mánì ní ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ gbá òpó irin wọ inú àbàtà kí wọ́n tó kọ́lé lé e lórí. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ń dúró sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, láìsí ohun kankan létí. Etí wọn kò di lójú kan. Ohùn àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni agogo ìjọ. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń yíjú wò wọ́n bí orin bá ń lọ. Kò sí ẹni tó bá wọn sọ ohunkóhun. Lọ́jọ́ Sunday kan, wọ́n ká aṣọ akọrin wọn dáadáa, wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n sì lọ jókòó sẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di ọdún 2011, wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìyá wa ló wá di etí fún wọn. Wọn a kọjú sí Bàbá, wọn a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, Bàbá a sì máa wo ètè wọn. Ohun tí gbogbo ilé bá sọ, Ìyá ni yóò tún un sọ. Bí àlejò bá dé, àárín Bàbá àti àlejò ni Ìyá ń jókòó sí.

Ìyá wa dágbére fáyé lójijì ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ní 2014, nínú yàrá, nígbà tí Bàbá wà ní pálọ̀. Ìgbà tí Fẹ́rànmí, àbíkẹ́yìn wọn, wọlé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni a tó mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé dákẹ́ fún Bàbá lọ́nà tí kò ṣeé ròyìn. Àwọn ènìyàn ń wá, wọ́n ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń gbá wọn léjìká, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọn kò wá mọ́. Bàbá a máa wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí etí òkun ní Ìkátẹ́, wọn a jókòó sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ìgbì náà kò sì ní ohùn. Wọ́n sọ fún wa nígbà kan pé àwọn fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí pé níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń retí pé kí àwọn dáhùn.

Ní 2016 ni bàtà wọn já ní Ìkátẹ́, wọ́n sì mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń rán bàtà, tó ń jẹ́ Hakeem. Bàbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́. Hakeem ń wò wọ́n. Bàbá fọwọ́ kan etí wọn láti fi hàn pé àwọn kò gbọ́ràn, Hakeem náà sì fọwọ́ kan etí tirẹ̀, nítorí adití ni láti inú oyún. Àwọn méjèèjì wo ara wọn títí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Hakeem ti ń kọ́ wọn ní èdè ọwọ́. Tolúwani, àkọ́bí wọn obìnrin, náà wá ẹni tó ń kọ́ ọ, nígbà tí àwọn ọmọ méjì yòókù ti wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tó jìnnà sí ilé.

Ọ̀gá Akínwùmí, ẹni tí Bàbá kọ́ ilé fún, ní ẹgbẹ́ kan pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lẹ́kì, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń lọ pàgọ́ fún ọjọ́ mélòó kan ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní etíkun Ẹlẹ́kọ. Níbẹ̀, wọn a jókòó yípo, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan a sì sọ ohun tí kò lè sọ nílé: ọ̀rọ̀ ìbínú, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ìjákulẹ̀. Ní 2017, wọ́n fi ìfẹ́ pe Bàbá. Bàbá lọ, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹnìkan a máa tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí fóònù fún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pé ọ̀rọ̀ nípa bàbá ẹni ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí Bàbá padà délé, wọn kò jẹun. Tolúwani bi wọ́n pé báwo ni ibẹ̀ ti rí.

"Gbogbo wọn sunkún," ni Bàbá wí. "Mi ò mọ ẹni tó kú."

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí Bàbá tọ Ọ̀gá Akínwùmí lọ pé bí àwọn bá tún máa wá, àwọn yóò mú Hakeem dání àti àwọn adití mìíràn, ògbufọ̀ yóò sì wà. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò fẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àṣírí ni àwọn ń sọ, ọkùnrin nìkan ló sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Tolúwani nìkan ni ògbufọ̀ tí Bàbá mọ̀. Ọ̀gá Akínwùmí bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà. Ní 2018, Tolúwani dúró láàárín wọn, ó sì ń fi ọwọ́ túmọ̀ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Bàbá mọ ohun tó ń pa àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn lẹ́kún.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Bàbá láti sọ̀rọ̀, wọ́n dìde, wọ́n wo ojú ọmọ wọn, wọ́n sì padà jókòó. Wọ́n ní àwọn kò ní ọ̀rọ̀. Hakeem náà kọ̀ láti sọ tirẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ ni, kò sì fẹ́ kí ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ jáde.

Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkùnrin tí yóò ṣe ògbufọ̀. Wọ́n gbọ́ nípa ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ajah, Fikáyọ̀, tó ń lẹ táìlì mọ́ ilẹ̀ nínú ilé tuntun. Adití ni bàbá àti ìyá rẹ̀, èdè ọwọ́ ló sì kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Fikáyọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń bá àwọn òbí òun sọ̀rọ̀ fún dókítà, fún onílé, fún ọlọ́pàá, àti pé òun ti sọ fún àwọn ènìyàn ohun tí kò yẹ kí ọmọdé mọ̀ nípa òbí rẹ̀. Bàbá kò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀dọ̀ bàbá Fikáyọ̀ ni wọ́n wá ń lọ lópin ọ̀sẹ̀, wọn a jókòó sí iwájú ilé, àwọn àgbà méjèèjì a sì máa fọwọ́ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Báyìí ni ó ṣe rí fún ohun tó lé ní ọdún kan, títí kan ìgbà tí àrùn Kòrónà fi sé àwọn ènìyàn mọ́lé tí wọ́n sì tún jáde.

Ní 2021, Fikáyọ̀ fúnra rẹ̀ ló jáde wá bá wọn níwájú ilé.

"Màá tẹ̀lé yín lẹ́ẹ̀kan, Bàbá," ni ó wí. "Àmọ́ ẹ má ṣe pè mí ní ẹnu yín."

Bàbá dá a lóhùn pé, "Bó bá ti rẹ̀ ọ́, jókòó. Gbogbo wa ló máa dákẹ́ títí wàá fi sinmi."

Wọ́n sì mú un ṣẹ. Bàbá ti jókòó pẹ̀lú Ọ̀gá Akínwùmí ṣáájú, wọ́n sì ti to ọ̀rọ̀ ìpàgọ́ náà ní ọ̀tun. Ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa sọ̀rọ̀, yóò sì kọ́kọ́ nawọ́ kí gbogbo ojú lè yí sí i. Ìjókòó ìdí iná tí wọ́n máa ń ṣe nínú òkùnkùn di ti ọ̀sán, torí pé ọwọ́ kì í sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà, ojú a wà ní lílà. Adití méje ló lọ sí Ẹlẹ́kọ lọ́dún náà.

Níbẹ̀ ni Bàbá ti sọ ohun tí wọ́n gbé sínú láti 2014. Ohun tí a ń sọ ní ìpàgọ́ kì í jáde, ṣùgbọ́n Bàbá fúnra wọn sọ ọ́ fún àwa ọmọ lẹ́yìn náà, wọ́n sì ní kí a má fi pamọ́ lẹ́yìn àwọn. Wọ́n sọ fún àwọn ọkùnrin náà pé lọ́sàn-án tí Ìyá kú, àwọn jókòó ní pálọ̀, àwọn kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn yàrá, àwọn ń ka ìwé ìròyìn.

"Bó bá pè mí, mi ò gbọ́," ni wọ́n wí. "Bí kò bá sì pè mí, mi ò mọ̀. Èwo ni mo fẹ́ kó jẹ́, èmi náà ò mọ̀."

Kò sí ẹni tó wá ọ̀rọ̀ ìtùnú kiri. Fikáyọ̀ jókòó, gbogbo wọn sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó yá, Hakeem dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tirẹ̀.

A kò ní purọ́ pé ìdánìkanwà tán lára Bàbá láti ọjọ́ náà. Wọ́n ṣì ń dá lọ sí etí òkun. Wọ́n ṣì máa ń gbàgbé, wọn a yíjú sí àga Ìyá láti bèèrè ohun tí àlejò wí. Ṣùgbọ́n Fikáyọ̀ tó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun yóò lọ, ó lọ lọ́dọọdún, ó sì kọ́ ọkùnrin méjì mìíràn kí wọ́n lè máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn adití ń ti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wá. Babájídé, ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní Kánádà, kọ́ èdè ọwọ́ níbẹ̀, ó sì ń pe Bàbá lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara ẹni. Bàbá ní ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ọwọ́ òyìnbó, inú wọn sì dùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún wọn, ahọ́n wọn sì wúwo. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ kò gbéra mọ́. Ohun tó bà wọ́n nínú jẹ́ jù nìyí, a sì rí i lójú wọn. Hakeem a máa ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, a sì wá jókòó tì wọ́n. Ó kọ́ ara rẹ̀ láti máa lóye ohun tí ìka ọwọ́ òsì Bàbá ń sọ, èyí tí àwa kò lóye.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú wọn, iná mànàmáná lọ. Tolúwani tan iná fóònù rẹ̀ sí ọwọ́ Hakeem. Hakeem ń sọ fún Bàbá pé òjò ti ba ọ̀nà Ìkátẹ́ jẹ́, pé oníbàárà kan gbé bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì wá fún òun, oníbàárà náà sì ń jà pé bí òun ṣe rà á nìyẹn. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án, wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní ilé wọn ní Igbó Ẹfọ̀n, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ojú Tolúwani ni wọ́n ń wò.

A bẹ ẹ̀yin tí ẹ bá wa dé ibi ìsìnkú yìí pé kí ẹ fi ìjókòó iwájú lápá òsì sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá, kí ẹ má sì ṣe dúró síwájú Fikáyọ̀, nítorí òun ni yóò máa fi ọwọ́ ka ìtàn yìí bí a ti ń kà á.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ sáyé ni àbúrò wọn obìnrin, Alhaja Afusat, ní Ìpetumodù, àwọn ọmọ wọn, Tolúwani, Babájídé àti Fẹ́rànmí, ìyàwó ọmọ wọn, Ọlábùnmí, àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Tèmítáyọ̀, Olúdélé àti Fọláránmi, Hakeem, ọ̀rẹ́ wọn, Fikáyọ̀, àti àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ jókòó yípo ní Ẹlẹ́kọ.

Àjàní, ọmọ Abẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò, ilẹ̀ tó bí yín ti gbà yín padà. Kí ó dẹ̀ fún yín. Kí ẹ bá Fúnláyọ̀ níbi tó jókòó sí, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín bóyá ó pè yín, tàbí kò pè yín. Ẹ sùn ire, Bàbá wa.