Ewì Tí Kò Jẹ́ Kí Bàbá Jókòó

Bùọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Màmá ń kí yín. Látìgbà tẹ́ ẹ ti fi awò ojú ránṣẹ́ sí wọn, kò sí ìdọ̀tí tó sá pamọ́ fún wọn nínú ilé yìí mọ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n má ṣiṣẹ́ bíríkìlà mọ́ nítorí ẹsẹ̀ wọn. Láàárọ̀ àná, mo bá wọn lórí àkàbà nílé aládùúgbò, wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù. Bí mo ṣe ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ewì tẹ́ ẹ kọ nípa wọn nígbà tẹ́ ẹ wà nílé ìwé:

"Ó rẹ oòrùn, ó lọ sùn,
kò rẹ bàbá mi."

Wọ́n ní, "Àbí ẹ̀gbọ́n rẹ parọ́ ni?"

Màmá bẹ̀bẹ̀ títí, wọn ò gbọ́. Ewì yín nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyókù rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ti parí, kí bíríkìlà wá jókòó sínú rẹ̀.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Mò ń gbọ́ ohùn Bàbá níta báyìí, wọ́n ń ké ewì yẹn, àkàbà ò sì sí níbi tí mo gbé e pamọ́ sí.

Àbúrò yín obìnrin