Mo Pe Alájọgbélé Mi Ní Olè Data Lórí Live

N kò lè búra pé òṣìṣẹ́ tó wá so ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ilé wa ní Òdóde ka ìwé àdéhùn náà sí mi létí. Gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé ìrántí mi lọ́jọ́ náà ni pé ọkùnrin yìí ń sọ̀rọ̀ jù. Ṣé ó kà á tí n kò gbọ́ ni? Àbí mo sọ fún un pé mo lọ sí yunifásítì, kí ó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu? Ó jọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi...

Aṣọ ọmọdé ni mo ń tà lórí live, lójoojúmọ́. Unlimited ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ẹ̀rọ náà, unlimited tó máa ń kú bí oṣù bá ti lé ní ogúnjọ́... àwòrán mi á dúró gbagidi, ẹnu mi á là sílẹ̀ gbagada lójú fóònù àwọn oníbàárà, kò ní pa dé, wọ́n á sì máa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú ilé-iṣẹ́ wo ló ń ta ohun tí kò lópin, tó wá ń fi òpin rẹ̀ pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹrin ní lẹ́tà wíńníwínní?

N kò tíì ka ojú ìwé kẹrin nígbà náà. Ìyá Tóbi ni mo dá lẹ́bi, ìyá Aládùúrà tí a jọ ń gbé ilé, tó jù mí lọ dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo kọ password sínú ìwé pélébé fún un, kí ó lè máa wo ìsìn ìjọ rẹ̀, ó sì gbàdúrà fún mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo kà á sí òpè, kí n jẹ́wọ́ ìyẹn náà. Lọ́jọ́ tí live já lẹ́ẹ̀kẹta, mo sọ fún àwọn oníbàárà pé olè kan wà nílé wa tó ń wọ sùtánà, tó ń fi data mi kọrin. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣé mo dárúkọ rẹ̀? Mo rò pé n kò dárúkọ... ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ rẹ̀ ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, "Ìyá Aláṣọ, o ṣé o. Olúwa á bá ọ tà á." Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ó ti ń di ẹrù, Sátidé ni yóò kó lọ sí Ọ̀wẹnà.

Òṣìṣẹ́ yẹn pa dà wá lánàá. Ó ní live mi nìkan ló ń jẹ data náà kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fún ilé gbígbé, àwọn sì máa ń dín eré rẹ̀ kù títí oṣù á fi parí. Fóònù mi àti laptop mi nìkan ló rí pé ó ti wọ orí ẹ̀rọ náà láti ìgbà tó ti so ó. Síbẹ̀ mo ń bi ara mi pé, ṣé ẹ̀rọ kì í gbàgbé bíi tèmi ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí ni kí n ṣe kí Sátidé tó dé? Ṣé kí n kúnlẹ̀ fún un nínú yàrá rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí mi? Àbí orí live kan náà, lójú àwọn tó bá mi rẹ́rìn-ín?

Àárọ̀ yìí ni Tóbi ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé ìwé pélébé náà ṣì wà nínú Bíbélì ìyá òun, bí mo ṣe ká a ló ṣe wà. Ìyá rẹ̀ ní ọjà oníṣòwò ni data náà, òun kò lè máa bù ú jẹ.