Ẹ Má Tíì Yọ Eyín Méjì Yẹn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà pé orúnkún yín ti fúyẹ́, pé Màmá ò sì jẹ́ kí ẹ gbé omi. Ara tèmi le. Igbe ọ̀gá mi níbi tí a ti ń yọ́ irin nìkan ló ń dà mí láàmú.

Màmá kọ̀wé pé láti ọjọ́ tí eyín àtọwọ́dá yín ti já bọ́ níwájú kíláàsì, tí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ṣọ́ọ̀kì nìkan lẹ fi ń kọ́ wọn, ẹ ò lanu mọ́. Ó ní ẹ fẹ́ yọ eyín méjì tó kù nísàlẹ̀, kí ẹ sì fiṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.

Òòfà ni mò ń ṣe fún yín, kò tó hóró àgbàdo. Irin ni a yọ́ pọ̀ mọ́ pílátínọ́ọ̀mù, irin iyebíye tó funfun bíi fàdákà, tí kì í dípẹtà. Dókítà á dé gbòǹgbò eyín méjì yẹn ní fìlà irin, òòfà á wà lábẹ́ eyín àtọwọ́dá, wọ́n á sì dì mọ́ra. Bí kò bá sí eyín méjì yẹn, kí ni òòfà fẹ́ dì mú?

Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ ọ tán, tí a sọ ọ́ sómi, kò lè gbé abẹ́rẹ́. A ní láti dá a padà sínú iléru. Ọ̀gá ní kí n tètè mú un jáde. Èmi ní bí iná bá ṣe pẹ́ tó ni agbára á ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí mo mú un jáde, abẹ́rẹ́ kàn yọ̀ bọ́ lára rẹ̀. Ọ̀gá wò mí, ó ní, "Ṣé òkúta lò ń sè ni?"

Mo jókòó síwájú iléru, inú mi bàjẹ́. Oòrùn ọ̀sán gba ojú fèrèsé wọlé, eruku ń léfòó nínú rẹ̀, oorun sì gbé mi lọ. Mo bá ara mi nínú irin náà. Kíláàsì yín ni. Ọmọ irin àti ọmọ pílátínọ́ọ̀mù dà pọ̀, kálukú kọjú síbi tó wù ú. Ẹ ń pè wọ́n jẹ́jẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń lọ jókòó: ìlà kan irin, ìlà kan pílátínọ́ọ̀mù, títí dé ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ooru ò dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ pín sí agbo kékeré, agbo kékeré gbé agbo kékeré mì, wọ́n di ńlá. Ọmọ kan yíjú, gbogbo agbo yíjú. Mo lajú, mo ti mọ ibi tí mo ti ṣìnà: mo jẹ́ kó pẹ́ jù nínú iná.

Mo bẹ ọ̀gá, ó fún mi ní òmíràn. Mo mú èyí jáde lásìkò. Lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ara rẹ̀ rí wẹ́wẹ́ bí ẹní tí wọ́n hun dáadáa. Ó di sísọ́ọ̀sì mú, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà kó tó fi í sílẹ̀. Ọ̀gá ní, "Sọ fún bàbá ẹ kó má lọ fẹnu ko ilẹ̀kùn onírin o."

Mò ń bọ̀ wá mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Sátidé, kó fi òòfà náà sí i. Bí ẹ bá kọ̀, ẹnu ọ̀nà ni màá jókòó sí. Ẹ mọ ẹni tí ẹ bí. Bí ẹ bá sì ti yọ wọ́n kí lẹ́tà yìí tó dé, mi ò ní bínú. Màá ki òòfà sápò, màá jókòó tì yín, a ó jọ dákẹ́.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ohùn yín ò ní wọlẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Olórí Kunkun

Àfikún: Màmá, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń kà á sí wọn létí. Bí wọ́n bá ti ń wá bàtà láti lọ yọ eyín kí n tó dé, ẹ jókòó lé e.