Tíkẹ́ẹ̀tì Tí A Kò Rà Fún Taisto

Laihia,
Ọjọ́ kẹẹ̀dógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2003.

Ilkka, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Marjut ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara gbogbo yín le? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ ńkọ́? Èmi náà wà láàyè. Orúnkún ń bá mi jà, èmi náà ò sì gbà fún un. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ayọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ayọ̀ ni mo fi kọ ọ́.

O ní kí n kọ́ ọ bí ẹ ó ṣe gbé mọ́tò sọdá sí Sweden nínú ọkọ̀ ojú omi láìjẹ́ pé owó ọkọ̀ gbọ́n àpò yín gbẹ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni o wá. Gbogbo Finland ló ń fi àwa ará Laihia ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahun ni wá. Wọ́n ní tí a bá fẹ́ jẹun, a máa ń pa iná, torí ọwọ́ kì í ṣìnà ẹnu. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ó dáa, gbọ́. Má lọ lọ́jọ́ Ẹtì tàbí ọjọ́ Àìkú, àárín ọ̀sẹ̀ ni owó ọkọ̀ máa ń rọjú. Tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, àlọ àtàbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gígùn mọ́tò ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dá iye lé e, nítorí náà fi okùn wọ̀n ọ́n fúnra rẹ, kí o sì wọn irin tó yọ sẹ́yìn mọ́ ọn, torí àwọn náà á wọ̀n ọ́n. Àpótí tí o gbé sórí mọ́tò, sọ ọ́ kalẹ̀, gíga náà lówó nínú. Kọfí inú ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má fẹnu kàn án. Se ẹyin, gbé búrẹ́dì dúdú àti fúláàsì dání, kí ẹ sì gbé wọn gòkè bí ẹ bá ń kúrò nídìí mọ́tò. Tí ọkọ̀ bá ti ṣí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ pa, ẹnikẹ́ni ò ní padà síbẹ̀ títí ẹ ó fi gúnlẹ̀. Má gbàgbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn.

Ìparí lẹ́tà rẹ ni kọfí ti bọ́ lọ́wọ́ mi. O ní tíkẹ́ẹ̀tì ìwọ, Marjut àti àwọn ọmọ nìkan lẹ máa rà, pé Oskari yóò sùn sínú ilé onítáyà tí ẹ ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, pé ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. O tún kọ ọ́ pé, "Màmá, ṣé ẹ rí i pé ọmọ Laihia ni mí lóòótọ́?" Ilkka, mi ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Oskari, ọmọ Taisto àbúrò mi! Nínú gbogbo ọmọ tí ìyá bí sáyé, òun lo rí fi pamọ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi débi pé mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu tábìlì. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ lónìí. Ó ń lọ sí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú.

Ìwọ àti Oskari mọ̀ pé tírélà ló fọ́ ẹsẹ̀ Taisto nínú ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí a kò sọ fún yín ni pé abẹ́ tapólì ló wà nígbà náà, bí ẹrù. Oṣù Kẹwàá ọdún 1974 ni. Taisto ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìlagi kan nítòsí Umeå ní Sweden, ọjọ́ Ajé ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, a fi ọ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. A kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tábìlì rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré tí mọ́tò wa ń fà. Èmi ni mo wo abẹ́ tábìlì yẹn tí mo sọ pé, kí la fẹ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì kẹta ṣe nígbà tí àyè wà níbí? Bàbá rẹ họ orí. Taisto rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń kú lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó kó gbogbo wa lọ síbẹ̀." Owó tí a torí ẹ̀ ṣe é kò tó ra bàtà.

Ní èbúté Vaasa, awakọ̀ tírélà kan tó kó pákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí ìlà. Runar lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin gìrìwò kan báyìí. Ó rí Taisto bó ṣe ń yọ́ wọ abẹ́ tapólì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Laihia ti dé! Ṣé ẹ ó ká ìyàwó náà sínú àpò ni, àbí òun lẹ sanwó fún?" Bàbá rẹ, tí o mọ̀ sí ẹni jẹ́jẹ́ yẹn, fi orí kàn án nímú. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Runar náà gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú, ìpéǹpéjú ya, wọ́n wọ́ ara wọn lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀ àti yìnyín, wọ́n ń lu ara wọn bí ẹni ń pa ejò. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté là wọ́n tán, wọ́n bi Runar pé kí ló dé. Ó tu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìyàwó ni." Kò tú wa fó.

A kò tíì lo wákàtí méjì lójú omi tí ìjì fi dé. Mo ti sọdá síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ọkọ̀ fì sápá kan, gbogbo àwo tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kọfí dà sílẹ̀, wọ́n fọ́ yángá. Ó tún fì sápá kejì, ó ju obìnrin kan láti orí ìjókòó lu ẹsẹ̀ tábìlì, apá rẹ̀ ṣẹ́ lójú wa. Àwọn ọmọdé ń bì, àwọn àgbà ń pe Ọlọ́run. Ìgbà náà la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Gbì! Á dákẹ́ díẹ̀. Gbì! Irin ló ń lu irin.

Bàbá rẹ dìde. Ó ní, "Saimi, Taisto!" Mo di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú. Mo ní, "Bàbá Ilkka, ẹ jókòó. Tí ẹ bá lanu báyìí, wọ́n á gba owó ìtanràn, wọ́n á dá Taisto padà láti èbúté, iṣẹ́ rẹ̀ á sì bọ́. Ìjì á rọ̀ láìpẹ́." Ó wò mí. O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ó jókòó.

Aago kan wà lókè ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí. Ogún ìṣẹ́jú gééré ni mo fi wò ó. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé mi ò gbọ́ ohun tó ń lọ. Mo ń gbọ́ gbogbo ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. O ṣáà mọ bí àwa èèyàn ibí ṣe rí: a kì í yọ aláṣẹ lẹ́nu, ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo ni ojú tì. A jókòó bí igi, ẹyin sísè lórí itan mi, bàbá rẹ sì ń fi aṣọ ìnujú nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀.

Runar ló dìde. Òwú wà ní ihò imú rẹ̀ méjèèjì. Ó nawọ́ sí bàbá rẹ lójú gbogbo èrò, ó ké pé, "Ìwọ ará Laihia! Èèyàn rẹ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, o sì jókòó?" Bàbá rẹ fò dìde bí ẹni tí iná jó. Atukọ̀ kan dí ilẹ̀kùn, ó ní òfin ni, ẹnikẹ́ni ò lè sọ̀ kalẹ̀. Bàbá rẹ gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ sábẹ́ àgbọ̀n. Òmíràn rọ́ bàbá rẹ ní nǹkan lẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ó tún dìde. Runar já àgbá tí wọ́n fi ń paná lára ògiri, ó fi lu kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn títí ó fi ṣí. Mo tẹ̀ lé wọn.

Ilkka, tírélà Runar fúnra rẹ̀ ni. Ṣéènì tí wọ́n fi dè é ti já. Tí ọkọ̀ bá ti fì, tírélà náà á sún, á fi gbogbo ìwúwo pákó rẹ̀ gbá kẹ̀kẹ́ wa mọ́ ògiri irin, á padà sẹ́yìn, á tún wá. Bẹ́ẹ̀dì ti di ẹ̀ẹ́rún. Ọwọ́ Taisto ló yọ síta lábẹ́ tapólì, ó ń fi lu ara kẹ̀kẹ́. Ó ti ń lù ú tipẹ́tipẹ́, èékánná rẹ̀ ti ya kúrò. Bàbá rẹ kó ara rẹ̀ sáàárín méjèèjì, ó fi ẹ̀yìn ti tírélà. Ó mọ̀ pé tó bá tún sún, òun náà kú nìyẹn. Runar ki Taisto lábíyá, ó fà á. Igbe tí àbúrò mi ké lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ tí mo bá ń fọ abọ́.

Ní Umeå wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Dókítà sọ fún wa láìfi bò pé, "Ká ní ẹ yọ ọ́ ní bí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ni, a kì bá tí gé e." Èmi àti bàbá rẹ ò wo ojú ara wa. Iṣẹ́ ilé ìlagi náà lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àjọ̀dún Juhannus ti ọdún tó tẹ̀ lé e dé, tí gbogbo àdúgbò pé jọ sí àgbàlá wa láti dá iná àárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Taisto wọlé lórí ọ̀pá abẹ́ apá rẹ̀. Runar ti sọ fún un. Ó lọ bá bàbá rẹ tààrà. "O jókòó! Mò ń kú lọ nísàlẹ̀, o jókòó o ń mu kọfí!" Ó fi ọ̀pá yẹn lù ú lẹ́nu, eyín mẹ́ta fò jáde. Ó tún lù ú létí. Bàbá rẹ ò gbé ọwọ́ sókè. Ó ṣubú, Taisto wó lé e lórí, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ gún un lójú, ẹ̀jẹ̀ bo àwọn méjèèjì, àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò sì mọ èwo ni kí àwọn fà. Èmi dúró, mo gbé ìkòkò kọfí dání. Mo la ẹnu mi. Bàbá rẹ rí mi láti ilẹ̀ tó wà, ó mi orí. Mo sì pa ẹnu náà dé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń nu ojú rẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ní, "Àbúrò rẹ ni. Tó bá kórìíra mi, o ṣì ní àbúrò." Òtítọ́ ló sọ. Taisto ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bá mi tún aago mi ṣe, ṣùgbọ́n kò tẹ ilé yìí mọ́. Etí òsì bàbá rẹ, tí ẹ̀yin ọmọ rò pé ọjọ́ ogbó ló dí i, Taisto ló dí i. Nígbà tí a sin bàbá rẹ ní ọdún méjì sẹ́yìn, o bi mí ìdí tí Taisto kò fi wá. Mo ní òtútù ni. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Mo fi ọkọ mi ra àbúrò mi, torí ìyẹn náà dín owó.

Nítorí náà, wo inú àpòòwé yìí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì Oskari wà níbẹ̀, ó pé. Ra á, kí o sì ka lẹ́tà yìí sí i létí láti òkè délẹ̀. Tí mo bá gbọ́ pé o fi ọmọ náà pamọ́ sínú ilé onítáyà, má wá sí ojú ọ̀nà mi mọ́. Ohun gbogbo ni kí o ṣọ́ owó ná lórí rẹ̀, àyàfi ènìyàn.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ọkọ̀ á gbé yín lọ, á gbé yín bọ̀. Omi ò ní bá yín ṣọ̀tá, irin ò ní mọ ara yín. Ìwọ àti Oskari ò ní di ohun tí bàbá yín méjèèjì dà fún ara wọn.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Saimi.

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ kù: Mo ti lẹ àpòòwé yìí pa kí n tó rí i pé ojo ni mí síbẹ̀, mo fẹ́ fi ọmọ ránṣẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Mo ya á, mo wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ yìí lọ sílé Taisto. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, aago kan wà lórí itan rẹ̀. Mi ò jókòó. Mo ní, "Èmi ni. Kalervo ọkọ mi dìde, èmi ni mo ní kó jókòó." Ó dìde, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè sórí mi. Mi ò tẹ orí ba. Àtẹ̀gùn ló nà. Ó nà án, ó nà án, títí ọ̀pá náà fi ṣẹ́ sí méjì tí igi sì ya á lọ́wọ́. Ó wá ní, "Ṣé etí yẹn padà là kó tó kú?" Mo ní kò là. Ó sunkún, Taisto tí kò sunkún nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò ní kí n wọlé. Mo fi gèlè mi di ọwọ́ rẹ̀, mo yí padà. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ sọ fún ọmọ Kalervo pé ìjókòó iwájú ni kó fún ọmọ mi."